Ìyá Elépo àti Bàálù Àkírà

Bí ẹ bá dé Ìsẹ̀-Èkìtì tí ẹ ń wá Hannah Dúrójayé, wọ́n á kọ́kọ́ bi yín pé Hannah wo. Ẹ sọ pé Ìyá Elépo, ẹni àkọ́kọ́ tí ẹ bá pàdé á mú yín dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Epo pupa ló fi di ẹni tí ìlú mọ̀. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ gbé mi wá sí Ìsẹ̀ láti wá ṣe iṣẹ́ tíṣà, Gabriel ọkọ rẹ̀ ni ọ̀gá ilé ìwé wa. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni, ẹni tí kì í fi ẹgba sọ̀rọ̀. Owó oṣù rẹ̀ kì í wá lásìkò, gẹ́gẹ́ bí ti gbogbo wa. Epo ìyàwó rẹ̀ ló ń gbọ́ bùkátà ilé, obìnrin náà kì í sì í fi pa mọ́. Bí ọkọ rẹ̀ bá ń jẹun lọ́wọ́ tí ẹ bá wọlé, á ní, “Ẹ bá wa jẹun o. Epo ló se é, éè ṣe gọ́mẹ́ńtì.” Gabriel á rẹ́rìn-ín, á sì máa bá oúnjẹ rẹ̀ lọ.

Mojírádé lorúkọ tèmi. Ìtàn Ìyá Elépo ni mo fẹ́ sọ, ìbínú ló sì ń mú mi sọ ọ́. Ọ̀pọ̀ ọdún ti kọjá, mo ti fẹ̀yìn tì, àwọn èèyàn ní kí n fi í sílẹ̀ fún Ọlọ́run. Mo ti fi í sílẹ̀ fún Ọlọ́run. Inú ṣì ń bí mi.

Iṣẹ́ epo tí Ìyá Elépo ń ṣe, iṣẹ́ ọ̀nà ni. Á lọ ra epo ní Ìgbàrà-Odò àti ní oko Èmùré, á rọ ọ́ sínú kẹ́ẹ̀gì, á gbé e lọ sí Èkó. Nígbà tó fi máa dàgbà, kò sí dírẹ́bà tí kò mọ̀, kò sì sí ọgbọ́n tí dírẹ́bà lè dá tí kò ti rí rí. Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó lókìkí jù nínú ọgbọ́n tirẹ̀, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà.

Nígbà náà, bí ẹ bá wà ní gáréèjì l'Ékòó tí ẹ fẹ́ wọkọ̀ bọ̀ wá sí Ìkẹ́rẹ́, àwọn ọkọ̀ tó ń kígbe “Ìkẹ́rẹ́” kò pọ̀. Àwọn kan ló gba ìlà yẹn mọ́wọ́, wọn kì í jẹ́ kí ọkọ̀ mìíràn kó èrò níbẹ̀, iye tó bá wù wọ́n ni wọ́n ń gbà. Ṣùgbọ́n àwọn ọkọ̀ tó ń lọ Adó pọ̀ bí eṣú. Wọ́n ń du èrò mọ́ ara wọn lọ́wọ́, wọ́n ń fa èèyàn láṣọ, torí náà owó Adó kéré sí owó Ìkẹ́rẹ́. Adó sì rèé, iwájú Ìkẹ́rẹ́ ló wà! Ọkọ̀ Adó kò lè dé Adó láìgba àárín Ìkẹ́rẹ́ kọjá. Kí ni Ìyá Elépo ń ṣe? Á san owó Adó, á jókòó pẹ̀sẹ̀, bí wọ́n bá ti dé Ìkẹ́rẹ́, á gbé ohùn sókè: “Ó wà o!” Dírẹ́bà á dúró, Ìyá Elépo á sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú àwọn kẹ́ẹ̀gì òfìfo rẹ̀, á wọ ọkọ̀ Ìsẹ̀ lọ sílé. Dírẹ́bà kì í bínú. Inú rẹ̀ a tilẹ̀ máa dùn, torí ó ti rí àyè gbé ẹlòmíràn. Gbogbo àwa tí a bá a rìn ló kọ́ ní ọgbọ́n yìí. Kò sí ará Ìsẹ̀ tó gbọ́n tó máa ń san owó Ìkẹ́rẹ́.

Owó epo yìí ló fi rán Bùsọ́lá ní ilé ìwé. Bùsọ́lá nìkan lọmọ tí òun àti Gabriel bí, wọn kò bí òmíràn mọ́. Ọmọ náà ka ìwé tán, ó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, ó ń tọ́jú àwọn arúgbó níbẹ̀, ó sì ń fi nǹkan ránṣẹ́ sílé. Àwọn òbí rẹ̀ kò kígbe rẹ̀ fáyé gbọ́. Àmọ́ bí Gabriel bá jókòó níwájú ilé ní ìrọ̀lẹ́, tí ẹnì kan bá sọ pé ọmọ kan kì í ṣe ọmọ, a máa dáhùn pé, “Ẹni ọmọ sin ló bímọ. Ẹ ṣáà jẹ́ kí Bùsọ́lá sin mí ná.”

Gabriel wá kú ní ọdún kẹta tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀, nígbà tí òjò ń kásẹ̀ nílẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Ezekiel, àbúrò rẹ̀, tó jẹ́ olórí ẹbí, ní ká gbé òkú lọ sí ilé ìgbókùú-sí ní Ìkẹ́rẹ́, kí a lè sin ín ní Sátidé tó ṣáájú Kérésìmesì. A mọ ìdí rẹ̀. Ìgbà yẹn ni àwọn ọmọ tó wà l'Ékòó àti n'Íbàdàn ń wálé, àlùfáà ìjọ wa sì ní lẹ́yìn ọjọ́ náà òun kò ní àyè mọ́ títí ọdún tuntun yóò fi wọlé dáadáa. Kò sí ẹni tó ronú pé ìgbà tí gbogbo ọmọ Nàìjíríà ń wálé ni ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú ń fi owó gún èèyàn lójú. Ta ni yóò ronú bẹ́ẹ̀ ní Ìsẹ̀? Oṣù Kejìlá la máa ń sin òkú àgbà.

Nígbà náà, kò tíì sí fóònù alágbèéká lọ́wọ́ wa. Ní Ìkẹ́rẹ́, Pius kan wà tó ní ṣọ́ọ̀bù tẹlifóònù, ọmọ ìlú Ìyá Elépo ni. Ibẹ̀ la ti ń gba ìpè Bùsọ́lá. Ní ọjọ́ Àìkú kan lẹ́yìn ìsìn, èmi àti Ìyá Elépo wà níbẹ̀ nígbà tí tẹlifóònù dún. Mo ń gbọ́ ẹkún ọmọ náà látinú rẹ̀ láìfi etí sí i.

Ohun tó sọ ni pé owó tíkẹ́ẹ̀tì Èkó ti di ìlọ́po, kò sì ní in. Ó ti yá lọ́wọ́ àwọn ọ̀rẹ́, kò tó. Ó wá ní bàálù kan náà wà tó ń ti Lọ́ńdọ̀nù lọ sí Àkírà ní ilẹ̀ Gánà, Èkó ló sì ń kọ́kọ́ balẹ̀ sí kó tó kọjá síbẹ̀. Ẹni tó bá ra ti Àkírà, bí ìdajì owó Èkó ni yóò san.

Ìyá Elépo gbé ẹnu kúrò lára tẹlifóònù, ó wo èmi àti Pius.

“Bàálù kan náà?” ló bi í.

“Òun náà ni, Màámi.”

“Èkó ni ó kọ́kọ́ dé?”

“Bẹ́ẹ̀ ni.”

Ni obìnrin náà bá bú sẹ́rìn-ín, ìgbà àkọ́kọ́ tí mo máa gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ látìgbà tí Gabriel ti kú. “Bùsọ́lá, ọmọ mi, éè ṣe ọ̀rọ̀ ẹkún. San eó Àkírà. Ó bá ti balẹ̀ l'Ékòó, sọ̀ kalẹ̀. Má gbé ẹrù kankan dání o, báàgì ọwọ́ nìkan. Mà á ti dúró dè ọ́ níbẹ̀.”

Pius fi ọwọ́ lu tábìlì, ó ní, “Ìyá, ẹ gbọ́n! Ẹ gbọ́n ju òyìnbó lọ!” Èmi náà ń rẹ́rìn-ín. Adó àti Ìkẹ́rẹ́ ṣáà ni. Lójú wa, ohun tí àwa ti ń ṣe láti bí ogún ọdún ni àwọn aláwọ̀ funfun ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé lọ sójú òfurufú. A jẹ àkàrà wá sílé lọ́jọ́ náà pẹ̀lú ìdùnnú, Ìyá Elépo sì yà sọ́dọ̀ Ezekiel láti sọ fún un pé ọmọ Gabriel ń bọ̀ wá sin ín.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú Sátidé ìsìnkú náà ni bàálù yóò dé. Ìyá Elépo ní dandan, òun yóò lọ pàdé ọmọ òun, opó tàbí kì í ṣe opó. Àwọn obìnrin ilé kùn pé opó kì í jáde báyìí, ó ní kí wọ́n lọ bá Gabriel sọ ọ́. Èmi ni mo bá a lọ. A sùn sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi l'Ékòó, nígbà tí ilẹ̀ mọ́ a ti wà ní pápákọ̀ òfurufú, níbi tí èrò ti ń jáde, tí wọ́n fi irin dí àwa tí a wá pàdé wọn. Ó wọ aṣọ dúdú rẹ̀, ó fi ìborùn bo orí, ó na ọrùn.

Bàálù balẹ̀. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í jáde pẹ̀lú ẹrù ńláńlá, wọ́n ń dì mọ́ àwọn ẹbí wọn. Èyí jáde, ìyẹn jáde. Bí obìnrin kan bá ti ń bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán, Ìyá Elépo á gbé ẹsẹ̀ sókè, á tún sọ ọ́ kalẹ̀. Mo ní ó lè jẹ́ pé àwọn aṣọ́bodè ló ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ó ní, “Yẹ kí ni wò? Éè gbé ẹrù.”

Ọkùnrin kan tó wọ kóòtù wá dúró síwájú irin, ó ń wo ojú wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ta ni Ìyá Elépo láti Ìsẹ̀-Èkìtì?”

Mo nawọ́ sí Ìyá Elépo, mo ní, “Àwọn nì yí.”

Akínọlá lorúkọ rẹ̀, ó ń kọ́ni ní yunifásítì ní Adó. Ó kí Ìyá Elépo tìrẹ̀lẹ̀-tìrẹ̀lẹ̀, ó fà wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní láti Lọ́ńdọ̀nù lòun àti Bùsọ́lá ti jọ jókòó pọ̀ sórí àga tó fara kanra. Ó ní nígbà tí wọ́n balẹ̀ tí wọ́n ní kí ará Èkó dìde, Bùsọ́lá dìde, ó gbé báàgì rẹ̀, ó tò sórí ìlà. Ní ẹnu ilẹ̀kùn, wọ́n yẹ tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ wò, wọ́n ní kó padà lọ jókòó, Àkírà ni wọ́n tà fún un. Ó ní òun fẹ́ bọ́ síbí. Wọ́n ní kò ṣeé ṣe. Ó ní baba òun ló kú. Wọ́n ní àwọn bá a kẹ́dùn, kó padà lọ jókòó.

“Ó kúnlẹ̀ fún wọn, Màmá,” ni Akínọlá wí. “Mo rí i. Mo bá a bẹ̀ wọ́n, wọ́n ní tí n kò bá kúrò níbẹ̀ àwọn yóò pe ọlọ́pàá sí èmi náà. Ó ní kí n wá yín rí.”

“Níbo ló wà nísinsìnyí?” ni Ìyá Elépo bi í.

“Ó ṣì wà nínú bàálù náà. Wọn ò tíì gbéra.”

Ìyá Elépo kò dúró gbọ́ ìyókù. Ó ti ń lọ, èmi àti Akínọlá ń sáré tẹ̀ lé e. A dé ibi kántà ilé iṣẹ́ ọkọ̀ náà, n kò ní dárúkọ wọn. Ọmọbìnrin kan ló wà níbẹ̀, ọmọ Yorùbá bíi tiwa, ó wé nǹkan pupa mọ́ ọrùn.

“Ọmọ mi wà nínú bàálù yín,” ni Ìyá Elépo wí. “Bùsọ́lá Dúrójayé. Ẹ ní kó sọ̀ kalẹ̀, ìyá rẹ̀ ti dé.”

Ọmọbìnrin náà tẹ nǹkan, ó wò ó. “Orúkọ wọn wà lóòótọ́, Mà. Ṣùgbọ́n Àkírà ni wọ́n ń lọ. Wọn ò lè bọ́ níbí.”

“Ulẹ̀ baba rẹ̀ nì yí! Kí ló fẹ́ lọ ṣe ní Àkírà? Éè mọ ẹnì kankan níbẹ̀.”

“Ó yẹ kí wọ́n ra ti Èkó, Mà.”

Mo ti sọ fún yín pé mo lẹ́mìí ìbínú. Mo tẹ̀ síwájú, mo ní, “Arábìnrin, nínú Èkó àti Àkírà, èwo ló jìn jù sí Lọ́ńdọ̀nù lọ́nà tí ọkọ̀ yín ń gbà?”

“Àkírà ni, Mà.”

“Ẹ wá ń gba owó kékeré lọ́wọ́ ẹni tí ẹ gbé jìnnà, ẹ sì ń gba ìlọ́po lọ́wọ́ ẹni tó bọ́ lójú ọ̀nà?”

“Òfin ilé iṣẹ́ ni, Mà.”

“Ẹni tó bọ́ sílẹ̀, ṣé ó ti jí yín ní nǹkan ni? Ó ti sanwó àga náà dé Àkírà. Bí ó bá bọ́, àga yín á ṣófo, ọkọ̀ yín á fúyẹ́. Kí lẹ pàdánù?”

Ó tún tẹ nǹkan náà, ó wò ó. Ó ní àfi tí èrò náà bá san ìyókù owó Èkó ní iye tí wọ́n ń tà á lọ́jọ́ náà gan-an, ní dọ́là. Ìyá Elépo bá tú ìdí ìró rẹ̀. Owó màlúù tí a máa pa fún ìsìnkú ló so mọ́ ibẹ̀, torí kò fọkàn tán ẹnikẹ́ni nílé. Ó kó gbogbo rẹ̀ sórí kántà. Ọmọbìnrin náà kò fọwọ́ kàn án. Ó rọra ní, “Màmá, náírà ni. Kò sì tó.” Ìyá Elépo ní kí wọ́n mú un, kí wọ́n jẹ́ kó bọ́, òun yóò gbé ìyókù wá lọ́la, gbogbo Ìsẹ̀ ló mọ òun. Gbogbo Ìsẹ̀ ló mọ̀ ọ́n lóòótọ́, ṣùgbọ́n ta ló mọ Ìsẹ̀ níbẹ̀ yẹn?

Ibi tí a ti ń bẹ̀bẹ̀ ni Akínọlá ti fọwọ́ tọ́ mi léjìká. Ariwo kan gba orí òrùlé kọjá. Ọmọbìnrin náà ní, “Wọ́n ti lọ, Mà,” ó sì wolẹ̀. Mo rò pé ojú ti òun náà. Kó tì í! Ìyá Elépo gbé ọwọ́ lé orí, ó wo òkè òrùlé bí ẹni pé ó lè rí i láti ibẹ̀. Ó ti tó ogójì ọdún tó ti ń wọ ọkọ̀ ní ayé yìí, kò sì sí ẹni tó gbé e kọjá ilé rẹ̀ rí.

Akínọlá ló bá wa wọ ọkọ̀ padà. Ọkọ̀ Adó ni. Ìyá Elépo jókòó sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Nígbà tí a kọjá Ìbàdàn, ó bi Akínọlá pé, “Ìwọ lo kàwé. Èéṣe?”

Akínọlá ṣàlàyé. Ó ní ọkọ̀ òfurufú kì í ṣe ohun tí ẹni tó bá rí owó kàn ń gbé sójú ọ̀nà. Ìjọba ìlú òyìnbó àti ìjọba tiwa ló jọ tọwọ́ bọ̀wé pé ilé iṣẹ́ tí àwọn bá yàn nìkan ló gbọdọ̀ máa gbé èrò láàrin Lọ́ńdọ̀nù àti Èkó, wọ́n sì dá iye ìgbà tí wọ́n lè fò lọ́sẹ̀. Ẹlòmíràn tó bá fẹ́ wá gbé wa ní owó pọ́ọ́kú, wọn kò ní fún un láṣẹ. Ó ní èrò Èkó pọ̀, àyè kéré, kò sí olùdíje, wọ́n sì mọ̀ pé a ó wá sin òkú wa, a ó wá ṣe Kérésìmesì wa, bó ti wù kó wọ́n tó. Ní ti Àkírà, àwọn tó ń du èrò níbẹ̀ pọ̀ díẹ̀. Tí wọn kò bá rẹ owó sílẹ̀ níbẹ̀, àga wọn á ṣófo.

“Àkúrẹ́ ńkọ́?” ni mo bi í. “Ṣebí pápákọ̀ òfurufú wà níbẹ̀. Láti ibẹ̀ dé Ìkẹ́rẹ́, kí ló wà níbẹ̀?”

Ó ní bàálù òkè òkun kankan kò ní àṣẹ láti balẹ̀ ní Àkúrẹ́. Fún àwa ará apá ìhín, Èkó nìkan ni ilẹ̀kùn. Ẹni tó bá dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn kan ṣoṣo, iye tó bá bù fún ọ lo máa san.

“Wọn éè jẹ́ kó bọ́ ńkọ́?” ni Ìyá Elépo bi í.

“Torí bí wọ́n bá jẹ́ kí Bùsọ́lá bọ́, Màmá, gbogbo wa la máa ra ti Àkírà. Ta ló tún máa san owó Èkó? Èmi tí mo jókòó tì í, ìlọ́po owó rẹ̀ ni mo san. Oúnjẹ kan náà la jẹ.”

Ìyá Elépo mi orí. “Bíi gáréèjì Ìkẹ́rẹ́ ni,” ló wí. Ó yé e ju bó ṣe yé èmi tí mo gba ìwé ẹ̀rí lọ. Lẹ́yìn náà ni ohùn rẹ̀ yí padà. “Ṣùgbọ́n àwọn ìpáǹle gáréèjì yẹn, pẹ̀lú gbogbo igbó tí wọ́n ń mu, wọ́n ń jẹ́ kí mi bọ́!”

Nígbà tí a dé Ìkẹ́rẹ́, kò pariwo “Ó wà o.” Èmi ni mo pariwo rẹ̀, dírẹ́bà sì dúró.

Ẹ gbọ́, mo mọ̀ pé àwọn tó tọwọ́ bọ ìwé yẹn kò mọ Gabriel. Wọn kò mọ Ìsẹ̀. Wọ́n jókòó sínú yàrá tó tutù, wọ́n pín ojú òfurufú láàrin ara wọn bí ẹni pín oko baba wọn, àwọn tiwa tó bá wọn jókòó síbẹ̀ sì rẹ́rìn-ín sí wọn, wọ́n bọ̀ wọ́n lọ́wọ́. Ojú òfurufú tí Ọlọ́run dá, tí ẹyẹ ń fò kọjá láìgba àṣẹ! Ọdún mẹ́ta ṣáájú ni a jó, tí a yọ̀, pé a ti gba Ìpínlẹ̀ tiwa, a ti bọ́ lọ́wọ́ àwọn tó ń jókòó sí Àkúrẹ́ pín ohun tiwa fún ẹlòmíràn. Kí ni a gbà? A kò ní àṣẹ lórí ẹnu ilẹ̀kùn tí ọmọ wa ń gbà wọlé.

Ní Sátidé, wọ́n gbé Gabriel dé láti Ìkẹ́rẹ́. A ṣe ìsìn tán ní ṣọ́ọ̀ṣì, a gbé pósí wá sí ẹ̀gbẹ́ ilé rẹ̀, níbi tí wọ́n gbẹ́ sàréè sí. Ìyá Elépo dúró níwájú rẹ̀, ó ní kí wọ́n dúró díẹ̀, Bùsọ́lá ń bọ̀, ó dá òun lójú pé ó ti wà lójú ọ̀nà láti Gánà. Wọ́n dúró. Oòrùn mú. Àlùfáà ń wo aago, ó ní òkú mìíràn ń dúró de òun ní Èmùré. Ezekiel kì í ṣe ìkà. Ó súnmọ́ ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́ pé, “Ìyàwó wa, a ti dúró tó. Ẹ jẹ́ kó lọ sinmi.”

Ó kúrò lójú ọ̀nà fún wọn. Wọ́n sọ pósí kalẹ̀. Nígbà tó kan ká pe àkọ́bí kó wá bu erùpẹ̀ sí i, Ayọ̀túndé ọmọ Ezekiel ni wọ́n tì síwájú. Ọmọ dáadáa ni, ó bu erùpẹ̀ náà. Mo gbọ́ tí obìnrin kan lẹ́yìn mi ń sọ fún ìkejì rẹ̀ pé, “Ọmọ kan ṣoṣo tó bí náà kò wá. Lọ́ńdọ̀nù ti gbà á.” Ìkejì ní, “Ó ti gbàgbé baba rẹ̀.” Mo yíjú padà, mo sọ ohun tí kò yẹ kí tíṣà sọ létí sàréè. Ṣùgbọ́n nígbà tí a ń jẹun, mo rí i pé ọ̀rọ̀ náà ti káàkiri àgbàlá. Ìyá Elépo náà gbọ́ ọ. Kò fi oúnjẹ kan ẹnu. Kí ilẹ̀ tó ṣú, àwọn bíríkìlà ti fi símẹ́ǹtì rẹ́ orí sàréè.

Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn ìdúpẹ́, àwọn èèyàn kún àgbàlá, wọ́n ń jẹ ìyókù oúnjẹ. Ọ̀kadà kan dúró níta. Ẹni tó sọ̀ kalẹ̀, n kò kọ́kọ́ dá a mọ̀, torí eruku ọyẹ́ ti sọ irun rẹ̀ di pupa, ètè rẹ̀ sì ti là. Báàgì ọwọ́ kan ló dì mú, kò sí nǹkan mìíràn. Bùsọ́lá ni. Láti Àkírà ló ti ń bọ̀ nínú mọ́tò, ó gba Lómè, ó gba Kútọnu. Ibodè kan tì mọ́ wọn lójú, ọkọ̀ bàjẹ́, wọ́n gba owó lọ́wọ́ wọn níbi gbogbo. Nígbà tó fi máa dé Èkó ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé, kò sí ọkọ̀ tó fẹ́ rìn mọ́ torí àwọn adigunjalè. Lẹ́yìn náà ló sọ gbogbo ìyẹn fún mi. Lọ́jọ́ yẹn kò kí ẹnikẹ́ni. Ó wo àgọ́, ó wo àwo oúnjẹ lọ́wọ́ wa, ó wá wo ẹ̀gbẹ́ ilé.

Símẹ́ǹtì náà kò tíì gbẹ tán. Ó kúnlẹ̀ tì í. Ìyá rẹ̀ wá dúró lẹ́yìn rẹ̀, kò dì mọ́ ọn, kò sunkún.

“Bàámi,” ni Bùsọ́lá wí, ohùn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má jáde, “mo dé Èkó l'Ọ́jọ́bọ̀.”

“Sọ ọ́ sókè,” ni ìyá rẹ̀ wí.

“Mo dé Èkó l'Ọ́jọ́bọ̀, Bàámi. Wọn éè jẹ́ kí mi bọ́ sílẹ̀.”

Ìyá Elépo yí ojú sí àgbàlá, ó wo àwọn èèyàn náà lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn obìnrin méjèèjì yẹn pẹ̀lú wọn, tí wọ́n di òkèlè mú sọ́wọ́. Ó tún yíjú sí ọmọ rẹ̀.

“Tún un sọ. Sọ ọ́ kí gbogbo ulé gbọ́ pé ọmọ tó bí wá sin ín.”